Omi Tí Kò Pọ́n

Orí ọ̀rọ̀ omi ni Títílọpẹ́ àti Sàhéèdì ti kọ́kọ́ jiyàn, ẹ̀bá omi ni ìfẹ́ wọn ti dàgbà, omi náà ni ó sì yà wọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn wọn lókèèrè a máa sọ pé ẹ̀sìn ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, ẹ sì mọ ohun tí ìdajì òótọ́ lè ṣe nínú ilé.

Ní Lotto, ní Mòwé, ní ẹ̀yìn òpópónà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ni òtẹ́ẹ̀lì Díákónì Adébánjí wà. Kò tóbi. Ohun tí ó fi ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó wà ní àgbàlá rẹ̀, tí àwọn ọmọ Mòwé àti Ìbàfọ̀ máa ń wá ṣeré nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí ìyàwó Díákónì kú, Títílọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fi iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní Èkó sílẹ̀, ó sì padà wá bá bàbá rẹ̀ mójú tó ibẹ̀. Kò kábàámọ̀. Bàbá àti ọmọ jọ ń jẹun lórí tábìlì kan, wọ́n jọ ń gbàdúrà, bí ọ̀kan bá sì rẹ́rìn-ín nínú yàrá, èkejì a máa béèrè láti pálọ̀ ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹni tí ó ń tọ́jú omi náà kó lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n mú Sàhéèdì Láwàlì wá rọ́pò rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, ó gba yàrá kan ní Ìbàfọ̀. Bàbá rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, ti fi Ifọ̀ ṣe ilé láti ọjọ́ pípẹ́, òun ni ó ń ṣíwájú ìrun ní mọ́sáláásí àdúgbò wọn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu Sàhéèdì. Bí ohun kan bá wúwo lọ́kàn rẹ̀, ojú rẹ̀ a máa dàbí ojú ẹni tí kò ro nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó yọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò ṣòkòtò, ó rì í bọ omi, ó wò ó, ó sì dá a padà sínú àpò.

"Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò tán nìyẹn?" Títílọpẹ́ béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, Mádáàmù."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní dáadáa lòun wà."

"Ẹ kí i ni, àbí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò? Dáadáa kì í ṣe ìwọ̀n."

Sàhéèdì rẹ́rìn-ín, ó sì kó gbogbo ohun tí ó ní sílẹ̀ fún un lórí pèpéle etí omi. Bébà ni ti àkọ́kọ́. Ó yá, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́ nínú páálí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Èkejì ni oògùn olómi tí a ń kán sínú ìgò kékeré. Bí kiloríìnì tí a fi ń pa kòkòrò bá wà nínú omi, yóò di àwọ̀ yẹ́lò. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ṣú bí epo pupa. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè ya kiloríìnì tí ó ṣì lágbára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí agbára rẹ̀ ti tán. Ẹ̀kẹta ni hóró funfun tí a ń fọ́ sínú ìgò. Èyí kì í ka òkú mọ́ alààyè: kiloríìnì tí ó lágbára nìkan ni ó mọ̀, omi a sì pọ́n bí òdòdó. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pọ́n tó. Bí kò bá sí rárá, omi a wà ní mímọ́ gaara. Ohun tí àwọn méjèèjì gbà gbọ́ nìyẹn.

"Hóró ni ká mú," Títílọpẹ́ sọ. "Ká kó àwọn méjì yòókù dànù."

"Kí la fẹ́ kó wọn dànù fún? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ńlẹ̀, Mádáàmù. Ọjọ́ kan ń bọ̀ téèyàn á nílò ẹlẹ́rìí kejì."

"Ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu, ta ni adájọ́ fẹ́ gbà gbọ́ níbẹ̀?"

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é nílé wa."

"Àná lẹ débí, ẹ ti ń pè mí ní òṣìkà."

"Àgbà ni mo pè yín, Mádáàmù. Èyí tó kù yẹn, mi ò sọ ọ́ sókè."

Títílọpẹ́ ni ó borí. Ó kó bébà àti oògùn yẹ́lò sínú garawa ìdọ̀tí fúnra rẹ̀. Sàhéèdì kò bá a jà mọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan: bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọn yóò máa lò, kí ó jẹ́ ojú ẹni méjì ni yóò máa wò ó. Òun yóò gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀. Oníkálukú yóò fi àwọ̀ omi wé àwọ̀ ara káàdì ìwọ̀n tí ó bá hóró wá, láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jọ dárúkọ ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹnu wọn kò bá kò, wọn yóò tún un ṣe.

Báyìí ni ó ṣe di àṣà wọn ní òwúrọ̀. "Méjì." "Méjì." Wọn a rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ mìíràn, ọ̀kan a ní mẹ́ta, èkejì a ní méjì. Títílọpẹ́ a ní oorun ni ó wà lójú Sàhéèdì, Sàhéèdì a ní bóyá àtíkè ni ó bọ́ sí Mádáàmù lójú. Ohun tí kò sọ ni pé òun ti kíyè sí i pé Mádáàmù kì í lo àtíkè ní òwúrọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ó ti dá, kí ọ̀rọ̀ tó yọ. Títílọpẹ́ dárúkọ ìwọ̀n tirẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, kò sì gbọ́ ohùn kejì.

"Mélòó lẹ rí?" ó béèrè.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ ò wo omi ni?"

"Mi ò wo omi."

Títílọpẹ́ gbé ojú sókè, ó sì rí ohun tí ó ń wò. Ṣùgbọ́n ọmọ Díákónì Adébánjí kò ní í sọ ara rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ó da omi inú ìgò nù. "Ó yẹ ká tún un ṣe nìyẹn," ó sọ. "Bí ojú ẹnìkan bá ti ṣáko, iṣẹ́ ò pé." Wọ́n tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ni "Mádáàmù" ti di "Títí", tí "ẹ" sì di "o" láàárín wọn, nígbà tí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni Àǹtí Àjíbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n Díákónì lóbìnrin, aránṣọ tí ó ń rán aṣọ funfun ìrìbọmi fún ìjọ wọn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàfọ̀ dojú kọ ilé tí Sàhéèdì ń gbé. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọlé, ó béèrè ẹni tí ó jẹ́, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè ohun tí ó máa ń bí i nínú. Nígbà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbà láti ṣe alárinà. Ó di ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Lotto, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Díákónì gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní òun fẹ́ràn ọmọ náà. Ó ní òun kò rí àléébù ní ọwọ́ rẹ̀ tàbí ní ẹnu rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ilé tí tọkọtaya ò ti jọ ń kúnlẹ̀, Àǹtí mi, bí ìjì bá dé, ibo ni ọmọ mi máa sá sí?"

"Ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀ ni."

"Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìrìbọmi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, nínú púùlù wa níbí. Bó bá wọ inú omi yẹn pẹ̀lú àwọn tó kù, ọwọ́ mi ló ti máa gba Títí. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kó máa tọ́jú omi rẹ̀ lọ."

Títílọpẹ́ ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Sàhéèdì, ní ẹ̀bá omi, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgò wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kò gbé e sókè, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Sọ nǹkan kan," Títílọpẹ́ sọ.

"Bàbá mi ló ń ṣíwájú ìrun ní Ifọ̀."

"Mo mọ̀."

"Títí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń fi ẹnu lásán dáhùn."

"Mi ò ní kó o fi orin dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ojú Sàhéèdì mọ́ gaara, kò sí ohun tí ènìyàn lè kà níbẹ̀. Ó ń wo omi. Títílọpẹ́ dúró, ó dúró títí ìtìjú fi mú un.

"Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn, ó máa ń hàn lára rẹ̀," ó sọ. "Tìẹ ò hàn."

Ó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò jọ wo omi mọ́. Sàhéèdì a wá, a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a lọ. Títílọpẹ́ a jókòó sí ọ́fíìsì, a máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ní etí omi.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ sí Ìbàfọ̀. Ó bá Àǹtí Àjíbíkẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ funfun kan tí ó gùn ju ti àwọn yòókù lọ wà lórí itan rẹ̀. Obìnrin náà rọra ká a pamọ́ nígbà tí ó rí Títílọpẹ́.

"Ṣé ó ti bá yín sọ̀rọ̀, Àǹtí?"

"Ó ti bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́ títí òun á fi rí bàbá òun. Mo sì ṣèlérí."

"Ẹ ṣàánú mi."

"Àánú rẹ ló ń ṣe mí tí mo fi dákẹ́. Alárinà tó bá ń bu ọbẹ̀ tí kò jinná fún àlejò, òun ló ń ba ilé jẹ́. Ní sùúrù dọjọ́ Ajé."

Títílọpẹ́ gbọ́ "bàbá rẹ̀", kò gbọ́ ohun mìíràn. Ó padà sí Lotto pẹ̀lú ìdánilójú pé wọ́n ti kọ òun.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ó ṣíwájú Àjíǹde ni òjò fi rọ̀. Omi adágún náà di àwọ̀ ewé. Ní ọ̀sán Sátidé, Sàhéèdì wá, ó gbọn ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, ó sì da kiloríìnì sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ju ti ìgbàkígbà lọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn bí omi bá ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ọjọ́ Àìkú yóò fà á wálẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́, òun yóò sì ti Ifọ̀ dé kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú omi, òun àti Títí yóò jọ wò ó. Èrò rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé ojú sókè, ó rí Títílọpẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí ojú fèrèsé. Ó ṣí ẹnu. Títílọpẹ́ fa kọ́tìnnì. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ sí i ní etí omi, lẹ́yìn náà ó lọ.

Oòrùn kò yọ ní ọjọ́ Àìkú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ará ìjọ ti ń dé, àwọn olórin ti ń tún ohùn wọn ṣe, Sàhéèdì kò tíì dé. Díákónì jáde sí àgbàlá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ó ti dáhùn, Títí," ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Má jẹ́ kó dùn ọ́ jù."

Títílọpẹ́ kò sunkún. Ó mú ìgò, ó bu omi sí i, ó fọ́ hóró sínú rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi kò pọ́n. Ó dà á nù, ó tún un ṣe. Omi mọ́ gaara bí omi òjò. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò dárúkọ ìwọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, inú sì bí i. Ọkùnrin náà kò fẹ́ òun, ó dára. Ṣé kò wá lè fi kiloríìnì sínú omi tí bàbá òun fẹ́ wọ̀ ni? Ó ṣí ike kiloríìnì, ó sì dà á sí i lọ́wọ́ kan, ó dà á lọ́wọ́ kejì. Nígbà tí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò tí kò pọ́n síbẹ̀, ó ní kò tíì tàn ká ni. Òórùn rẹ̀ gbòde, ṣùgbọ́n òórùn yẹn náà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́. Pásítọ̀ ti dé, wọ́n sì ń ké sí i pé ṣé omi ti yá.

"Omi ti yá," ó dáhùn.

Àwọn tí wọ́n rì bọmi kò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọ́n ń nu ojú, wọ́n rò pé omijé ayọ̀ ni. Pásítọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbàdúrà. Díákónì nìkan ni ó dúró nínú omi dé àyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó ń gba ènìyàn mọ́ra. Èémí rẹ̀ kò sì lágbára láti ìgbà èwe. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gba ẹni tí ó kàn. Nígbà tí wọ́n fi fà á jáde, ètè rẹ̀ ti ṣú.

Bí ọkọ̀ tí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ti ń jáde ní géètì ni Sàhéèdì ń wọlé pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́. Títílọpẹ́ tí ó ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n wo omi, wọ́n wo ara wọn.

"Èmi ni mo dà á sí i," Títílọpẹ́ sọ.

"Èmi ni mo dà á sí i," Sàhéèdì sọ.

Ẹnu wọn kò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìwọ̀n.

Díákónì kò kú. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà wọlé sí i lára, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni ó ti dájọ́. Ó ní ọmọ náà bínú nítorí ohun tí òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi omi gbẹ̀san. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí: pé omi kò pọ́n, pé òun ni òun fi kún un, ní ojú gbogbo ayé.

"Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Bí omi bá ti pọ̀ ní kiloríìnì tẹ́lẹ̀, ìgò yẹn á pọ́n. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ mi. O fẹ́ gba ẹ̀bi ẹni tí kò gba tìẹ."

Sàhéèdì wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ní òun ni òun da kiloríìnì sí omi ní Sátidé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Díákónì yí ojú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ tẹnu rẹ̀?" Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ pe ọlọ́pàá, Díákónì kọ̀. Ó kàn ní kí ọmọ náà má tún tẹ Lotto mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Títílọpẹ́ di apá aṣọ Sàhéèdì mú. Ó ní kí ó fún òun láàyè, bàbá òun yóò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ kan.

"Títí, ìgbàkígbà tó bá wúkọ́, orúkọ mi ni wàá máa gbọ́ nínú rẹ̀."

"Tèmi ni màá máa gbọ́."

"Ìyẹn gan-an ló burú. A ó jọ máa gbọ́ ọ nínú ilé wa, títí ayé." Ó rọra tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ. "Mo ti mú bàbá tèmi sunkún lọ́jọ́ Àìkú. Jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀."

Títílọpẹ́ kò mọ ohun tí ó mú Bùrẹ́ímọ̀ sunkún, àfi ìgbà tí Àǹtí Àjíbíkẹ́ gbé ọ̀rá dúdú náà wá. Sàhéèdì ni ó dá a padà fún un kí ó tó kó kúrò ní Ìbàfọ̀. Aṣọ funfun gígùn ni ó wà nínú rẹ̀, ó ṣì wà ní kíká bí wọ́n ti lọ̀ ọ́.

"Gígùn Sàhéèdì ni mo fi wọ̀n ọ́n," obìnrin náà sọ. "Láti ọjọ́ kẹta tí o ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti wá bá mi. Ó ní òun á wọ omi náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́yìn bàbá òun. Ó lọ sọ fún un ni. Ẹkún bàbá náà ni kò jẹ́ kó tètè dé."

Títílọpẹ́ gbé aṣọ náà sí itan. Ó ti wo ojú ọkùnrin náà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì pè é ní òfo. Ó pè é lórí fóònù; fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ó fẹ́ gba Ifọ̀ lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú yàrá, ó sì dìde lọ gbé omi gbígbóná fún un. Bí ó ti ń rí ní ọjọ́ kejì nìyẹn, àti ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Aájò a máa jẹ ọdún bí ìgbà tí ikán ń jẹ igi.

Àjíǹde kan kọjá, òmíràn kọjá. Títílọpẹ́ lọ ra hóró lọ́dọ̀ Ìyàndá, tí ó ń ta èròjà omi ní Ìbàfọ̀, ọkùnrin náà sì ń ṣàlàyé nǹkan fún oníbàárà mìíràn. Ó ní bí kiloríìnì bá pọ̀ kọjá ààlà, a máa jẹ àwọ̀ náà run bí ó ti ń yọ, omi a sì mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní kí ènìyàn bu omi lásán là á kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí ó fi oògùn yẹ́lò ṣe ẹlẹ́rìí. Títílọpẹ́ fi ọwọ́ di káńtà mú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé korobá wá síwájú bàbá rẹ̀ ní pálọ̀. Ó po kiloríìnì sínú rẹ̀ títí ó fi ń ta ni lójú, ó ṣí fèrèsé, ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó fọ́ hóró sí i.

"Dádì, ẹ bá mi wò ó. Kí lẹ rí?"

"Omi lásán ni."

"Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

Ó ṣẹ́ díẹ̀ nínú omi korobá náà sínú ife, ó da omi inú ọ̀rá kún un, ó tún bu sínú ìgò, ó fọ́ hóró mìíràn. Omi pọ́n, ó pọ́n bí sóbò. Díákónì gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Òótọ́ lo sọ nígbà náà."

"Òótọ́ ni mo sọ, Dádì."

"Òun ńkọ́?"

"Òótọ́ lòun náà sọ."

Ikọ́ gbé bàbá náà, ó pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. "Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan ni wọ́n ń pè ní òṣìkà," ó sọ. "Èmi gbọ́ ti ẹni méjì, mi ò gba ìkankan gbọ́. Pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ jọ lọ sí Ifọ̀. Ẹ ní kó máa bọ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú kẹ́tẹ́lì àlùwàlá rẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá bu omi sí i."

Wọ́n lọ. Ikọ́ Díákónì ni ó jí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó burú ju ti ìgbàkígbà lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó lé wọn jáde. Títílọpẹ́ wọ aṣọ àdìrẹ aláwọ̀ aró tí Sàhéèdì fẹ́ràn; Àǹtí Àjíbíkẹ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ pé ìyàwó tí ń lọ bẹ ọkọ kì í lo lọ́fínńdà tó báyìí. Ní Ifọ̀, wọ́n sọdá ojú irin, wọ́n béèrè ilé Bùrẹ́ímọ̀, wọ́n sì bá àgbàlagbà náà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí ó gbọ́ pé láti Mòwé ni wọ́n ti wá, ó wo Títílọpẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Kò bínú. Ó bi wọ́n léèrè àlàáfíà Díákónì, ó ní Sàhéèdì ti lọ sí ibi iṣẹ́ ní Owódé, yóò dé ní àṣálẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí inú ilé.

"Lateefah, bu omi wá fún àwọn àlejò wa."

Ọ̀dọ́bìnrin kan jáde pẹ̀lú ife méjì lórí àwo. Oyún inú rẹ̀ ti hàn. Ó rọra kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà síwájú wọn.

"Ìyàwó Sàhéèdì nìyí," Bùrẹ́ímọ̀ sọ. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tí ń gbé ẹrù sílẹ̀ ní ẹ̀bá ẹni tí ń sùn. "A so yìgì wọn lẹ́yìn Iléyá tó kọjá."

Àǹtí Àjíbíkẹ́ kí i kú oríire, ó gbàdúrà fún oyún. Ó rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé alárinà ni. Títílọpẹ́ gba ife tirẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ ń wá àwọ̀ nínú rẹ̀.

Lateefah rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bẹ̀rù, Àǹtí, omi kànga wa mọ́. Ọkọ mi kì í jẹ́ ká mu ún láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà sì gbọ́dọ̀ bá a wò ó. Ó ní ojú ẹnìkan ò tó, ẹnu wa gbọ́dọ̀ kò."

"Òótọ́ ni," Títílọpẹ́ sọ. Ó gbé ife sí ẹnu, ó mu omi náà títí ó fi tán, ó sì dá ife padà sórí àwo.

Wọ́n dìde. Bùrẹ́ímọ̀ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti mọ ìdí tí wọ́n fi wá, ó sì mọ̀ pé wọn kò ní í sọ ọ́.

"Kí ni kí n sọ fún un pé ẹ wá ṣe, ọmọ mi?" ó béèrè.

Àǹtí Àjíbíkẹ́ wo ọmọ àbúrò rẹ̀. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ kí ó tó dáhùn.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ikọ́ Dádì ti lọ. Ẹ ní ó ti lọ pátápátá. Kó fọkàn balẹ̀."

"Alihamudulilahi," bàbá náà sọ, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Lotto, omi adágún náà sì ń dán ní àgbàlá láìsí ẹnikẹ́ni ní etí rẹ̀. Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti ń gbọ́ ikọ́ Díákónì.